Kọ́kọ́rọ́ Kan Kò Lè Tó Gbogbo Òṣìṣẹ́

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé ẹ̀ka wa

  

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń wí nínú ọkàn wọn pé, kí ni ó kan ẹni tí ń wa bọ́ọ̀sì nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà? Ó kàn án. Fóònù Android tí ó wà nínú àpò ọ̀pọ̀lọpọ̀ yín, kọ̀ǹpútà ni. Ètò kan tí wọ́n ń pè ní Linux ni ó wà ní ìsàlẹ̀ gbogbo ohun tí ó ń ṣe. Àwọn tí ó kọ Linux lo ọdún 15 kí wọ́n tó lè yọ àgádágodo kan ṣoṣo kúrò ní ẹnu ọ̀nà. Ìtàn àgádágodo náà ni mo fẹ́ sọ, nítorí ìbéèrè tí ó wà nínú rẹ̀ ni ìbéèrè tí ó ń bá wa jà ní ibi iṣẹ́: bí a bá kó òṣìṣẹ́ púpọ̀ jọ, tí iṣẹ́ kò sì yá, ta ni a ó bá wí?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ. Nínú kọ̀ǹpútà, ohun kan wà tí ó ń ṣe ìṣirò gan-an. Processor ni àwọn Òyìnbó ń pè é, ọpọlọ ni èmi yóò máa pè é. Ètò kan sì wà tí ó jẹ́ ọ̀gá gbogbo ètò yòókù, tí ó ń pín iṣẹ́ fún ọpọlọ, tí ó ń ṣọ́ ibi ìpamọ́, tí ó ń bá bátìrì àti ojú fóònù sọ̀rọ̀. Èyí ni wọ́n ń pè ní kernel. Ẹ rí kernel gẹ́gẹ́ bí sítọ́ọ̀ ilé iṣẹ́: kò sí òṣìṣẹ́ tí ó lè mú sípánà kan láìgba ibẹ̀ kọjá.

Ní 1991, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland, Linus Torvalds, bẹ̀rẹ̀ sí kọ kernel tirẹ̀. Ní 1992 ó fi í sábẹ́ ìwé àṣẹ GPL, èyí tí Richard Stallman ará Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀. Ohun tí ìwé àṣẹ náà wí ni pé ẹnikẹ́ni lè kà á, kí ó lò ó, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tún un ṣe tí ó sì pín in káàkiri gbọ́dọ̀ fi àtúnṣe náà hàn lábẹ́ òfin kan náà. Ó dà bí kànga àdúgbò. Gbogbo wa ni a ń pọn ọ́n, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ mọ ọgbà yí i ká.

Nísinsìnyí, kí ni àgádágodo ń ṣe nínú kernel? Ẹ jẹ́ kí a sọ pé táyà 40 wà ní sítọ́ọ̀, ìwé kan ṣoṣo ni a sì ń kọ iye rẹ̀ sí. Akọ̀wé méjì dé lẹ́ẹ̀kan náà. Èkíní wo ìwé, ó rí 40. Kí ó tó kọ nǹkan kan, èkejì náà ti wò ó, òun náà rí 40. Olúkúlùkù gbé táyà kan jáde, olúkúlùkù sì kọ 39. Táyà tí ó kù jẹ́ 38, ìwé ń wí pé 39. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ka ẹrù, olùtọ́jú sítọ́ọ̀ ni wọn yóò pè ní olè, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó jalè.

Bí ọpọlọ méjì bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú kernel kan, irú nǹkan báyìí lè ṣẹlẹ̀ kí ojú tó ṣẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ń fi àgádágodo sí i. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni ó lè fọwọ́ kan ìwé. Nítorí náà, n kò wá síhìn-ín láti bú àgádágodo. Ohun tí a ní láti bèèrè ni pé àgádágodo mélòó ni ó wà, àti pé orí ilẹ̀kùn wo ni a fi wọ́n sí.

Ọpọlọ kan ni wọ́n kọ́kọ́ kọ Linux fún. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kí ó lè lo ju ọ̀kan lọ, Alan Cox, tí ó wà ní Swansea ní ilẹ̀ Wales, ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Caldera ni ó ta á lọ́rẹ pátákó ẹ̀rọ oní-ọpọlọ méjì tí ó fi ṣe é. Ẹ fi orúkọ Caldera yẹn sọ́kàn, a óò tún pàdé rẹ̀ níwájú. Ní oṣù kẹfà 1996, iṣẹ́ náà jáde nínú Linux 2.0.

Ọ̀nà tí kò léwu ni wọ́n gbà. Wọ́n fi àgádágodo kan ṣoṣo sí ẹnu ọ̀nà kernel látòkè délẹ̀. Big Kernel Lock ni wọ́n sọ ọ́, Àgádágodo Ńlá ni kí àwa máa pè é. Ọpọlọ kan ṣoṣo ni ó lè wà nínú kernel lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn yòókù a dúró síta. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ìwé tí ó bàjẹ́, kò sì pọn dandan kí wọ́n tún gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ kọ. Fún ẹ̀rọ oní-ọpọlọ méjì, ó tó.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọpọlọ di mẹ́rin, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọpọlọ tí kò rí kọ́kọ́rọ́ gbà kì í lọ jókòó. Ẹnu ọ̀nà ni ó ń dúró sí, tí ó ń bèèrè àìmọye ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan pé, "Ṣé ó ti ṣí? Ṣé ó ti ṣí?" Ẹ̀yin awakọ̀ mọ èyí dáadáa. Ọkọ̀ tí ó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò rìn, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń jó epo. Ẹni tí ó bá ń wò ó láti òkèèrè yóò rí i pé gbogbo ọpọlọ ni ó gbóná, gbogbo wọn ni ó ń ṣe wàhálà, síbẹ̀ ẹrù kò kúrò lójú kan.

Ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà tí ó ti rí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Gene Amdahl ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1967 ni ó sì sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi iṣẹ́ wa ṣírò rẹ̀. Iṣẹ́ kan wà tí ó ń gba ẹnì kan ní wákàtí 10. Wákàtí 9 nínú rẹ̀ ṣeé pín láàárín ènìyàn, ṣùgbọ́n wákàtí 1 yòókù, ẹnì kan ṣoṣo ni ó lè ṣe é, nítorí ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́ ni. Bí a bá kó ènìyàn 9 wá, iṣẹ́ náà yóò parí ní wákàtí 2. Bí a bá kó 90 wá, yóò gba wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 6. Bí a bá kó 900 wá, ìṣẹ́jú àáyá 36 péré ni yóò fi lé ní wákàtí 1. Kódà bí a bá kó gbogbo ìlú wá, kò lè dín sí wákàtí 1 láéláé. Ẹni tí ó bá rí ìyẹn tí ó sì wí pé àwọn 900 náà ya ọ̀lẹ, kò mọ ìṣirò.

Ní oṣù kẹrin 1999, ìtìjú dé bá àwọn ará Linux ní gbangba. Ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Mindcraft gbé ẹ̀rọ oní-ọpọlọ mẹ́rin kalẹ̀, ó sì dán Linux wò pẹ̀lú Windows NT. Ó ní Windows NT yára ju Linux lọ ní ìlọ́po 2.5 nídìí pípín fáìlì fúnni, àti ní ìlọ́po 3.7 nídìí fífi ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́. Microsoft tí ó ni Windows ni ó sanwó ìdánwò náà. Àwọn ará Linux fárígá, wọ́n ní wọn kò ṣètò ẹ̀rọ náà dáadáa. Wọ́n tún ìdánwò náà ṣe ní oṣù kẹfà pẹ̀lú àwọn ènìyàn tiwọn níbẹ̀, Windows ṣì borí.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà. Wọn kò jókòó sídìí pé ọ̀tá ni ó sanwó rẹ̀. Wọ́n wo ibi tí ẹ̀rọ ti ń dúró, wọ́n sì rí i pé gbogbo iṣẹ́ tí ń gba ojú ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì wọlé ń tò sẹ́yìn kọ́kọ́rọ́ kan náà. Ọpọlọ mẹ́rin, ilẹ̀kùn kan. Nígbà tí Linux 2.4 jáde ní oṣù kìíní 2001, wọ́n ti tú ìdí iṣẹ́ yẹn ká, ọpọlọ púpọ̀ sì ti lè ṣe é pọ̀. Nọ́mbà tí ọ̀tá mú wá ni ó fi ibi tí wọn yóò tún ṣe hàn wọ́n.

Báwo ni a ṣe ń pín kọ́kọ́rọ́? Dípò àgádágodo kan lẹ́nu ọ̀nà sítọ́ọ̀, a ó fi ọ̀kan sí àpótí táyà, ọ̀kan sí àpótí bátìrì, ọ̀kan sí ìwé epo. Ẹni tí ń mú táyà kò dí ẹni tí ń mú bátìrì lọ́wọ́. Àwọn àgbà ti wí i pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ewu titun dé. Mẹkáníìkì kan mú jáàkì, ó ń dúró de sípánà. Èkejì mú sípánà, ó ń dúró de jáàkì. Kò sí ẹni tí yóò fi tọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, àwọn méjèèjì yóò sì dúró títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Òfin tí ó ń tú irú ìdè yìí kò le: kí gbogbo ènìyàn máa kọ́kọ́ mú jáàkì kí wọ́n tó mú sípánà, láìyẹ̀. Nínú Linux, àgádágodo ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kò sí orí tí ó lè rántí ètò gbogbo wọn. Ní 2006, Ingo Molnar, ọmọ orílẹ̀-èdè Hungary, fi aṣọ́nà kan sínú rẹ̀ tí ń jẹ́ lockdep, tí ó ń wo bí a ṣe ń mú kọ́kọ́rọ́ tẹ̀léra, tí ó sì ń kígbe bí ó bá rí ẹni tí ó yí ètò padà, kí ìdè tó ṣẹlẹ̀ rárá.

Àwọn ibòmíràn sì wà tí wọ́n rí i pé ẹni tí ń kàwé lásán kò nílò kọ́kọ́rọ́. Ẹ wo pátákó ìkéde tí a ń lẹ ìwé ìpín iṣẹ́ mọ́. Bí akọ̀wé bá fẹ́ yí i padà, kò yẹ kí ó lé gbogbo ènìyàn kúrò níbẹ̀ kí ó tó máa fi ọwọ́ pa á rẹ́ díẹ̀díẹ̀. Yóò kọ ìwé titun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹni tí ó bá dé lẹ́yìn náà yóò ka titun. Ẹni tí ó ti ń ka èyí àtijọ́, a ó jẹ́ kí ó kà á tán kí a tó sọ ọ́ nù. RCU ni wọ́n ń pe ọgbọ́n yìí. Paul McKenney àti ẹnìkejì rẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún ilé iṣẹ́ Sequent. IBM ra Sequent ní 1999, RCU sì wọ inú Linux ní 2002.

Ibi tí wàhálà ti dé nìyẹn. Ní oṣù kẹta 2003, ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ SCO pe IBM lẹ́jọ́ ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, ó sì bèèrè bílíọ̀nù kan dọ́là. Ohun tí ó wí, ní kúkúrú, ni pé Linux kò lè dàgbà tó bẹ́ẹ̀, kó tó láti darí ọpọlọ púpọ̀, bí kò bá ṣe pé IBM mú ohun tí ó jẹ́ ti Unix fún wọn. Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí létí: àwọn ènìyàn tí kò ní ọ̀gá, tí wọ́n ń fi iṣẹ́ wọn hàn ní gbangba, kò lè ṣe é fúnra wọn. Ta sì ni SCO yìí? Ìdílé Caldera ni ó ti jáde, Caldera tí ó ta Alan Cox lọ́rẹ ẹ̀rọ lọ́jọ́ kìíní. Ní 2002 ni ó gba orúkọ SCO.

Ẹjọ́ náà pẹ́. Ní 2010, àwọn adájọ́ ará ìlú pinnu pé Novell ni ó ni ẹ̀tọ́ ìwé Unix, kì í ṣe SCO. Ní 2021 ni wọ́n tó fi àdéhùn parí èyí tí ó kù pẹ̀lú IBM, IBM sì san mílíọ̀nù 14.25 dọ́là fún ẹni tí ń bójú tó gbèsè ilé iṣẹ́ náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, kò sí ilé ẹjọ́ tí ó wí pé àwọn ará Linux jalè. Ohun tí ó sì jẹ́ kí wọ́n lè dúró ni pé àkọsílẹ̀ wà: ẹni tí ó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tí ó dé, a rí i ka. Kò sì yẹ kí n tàn yín. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ilé iṣẹ́ ńláńlá ń sanwó oṣù fún. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà, kò sí ilé iṣẹ́ kan tí ó lè mọ ọgbà yí i ká.

Ní àárín ìjà yẹn, nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀ tí ó sọ ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ di ti gbogbo ayé. Tẹ́lẹ̀, bí kọ̀ǹpútà kò bá yá, wọn a mú ọpọlọ kan náà sáré sí i. Nígbà tí ó di 2004, ooru kò jẹ́ kí ìyẹn ṣeé ṣe mọ́. Ní 2005, Intel àti AMD bẹ̀rẹ̀ sí ta ọpọlọ méjì nínú ẹyọ kan fún kọ̀ǹpútà inú ilé. Ohun tí ó jẹ́ ti olówó ní 1996 di ti gbogbo ènìyàn, ó sì wọ inú fóònù. Láti oṣù kọkànlá 2017, gbogbo 500 kọ̀ǹpútà tí ó lágbára jù láyé ni ó ń lo Linux.

Síbẹ̀, Àgádágodo Ńlá kò tí ì kúrò. Wọ́n ti gba iṣẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì wà ní kọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀. Kí ni ó dé? Ohun tí ó ń ṣọ́ ni kò yé ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tí ó fi í síbẹ̀ ti lọ, kò sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ní 2008, àyípadà kan nínú bí ọpọlọ ṣe ń dúró de kọ́kọ́rọ́ náà mú kí ìdánwò kan falẹ̀ ní nǹkan bí 40 nínú 100, gbogbo ènìyàn sì rí i pé ó tó gẹ́ẹ́. Ingo Molnar bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti pa á run. Frederic Weisbecker tú u kúrò nínú ìdí iṣẹ́ ìpamọ́ fáìlì kan. Arnd Bergmann ará Jámánì gba ilé dé ilé lọ, ó ń bèèrè níbi kọ̀ọ̀kan pé: kí ni kọ́kọ́rọ́ yìí ń ṣọ́ níbí? Níbi tí kò bá ti ṣọ́ nǹkan kan, ó yọ ọ́. Níbi tí ó bá ti ń ṣọ́ nǹkan, ó fi àgádágodo kékeré rọ́pò rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2011, nínú Linux 2.6.39, Àgádágodo Ńlá kúrò nílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀kọ́ wo ni a rí kọ́?

Èkíní, kí a wá ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà kí a tó bú òṣìṣẹ́. Bí bọ́ọ̀sì 30 bá ń tò sẹ́yìn ẹ̀rọ epo kan ṣoṣo ní gáréèjì, gbígba awakọ̀ 10 sí i kò lè mú bọ́ọ̀sì kan tètè jáde. Bí gbogbo ìwé ìgbẹ̀rù bá ń dúró de ìfọwọ́sí ẹnì kan, a lè lé àwọn agbẹ́rù lọ kí a gba òmíràn, iṣẹ́ kò ní yá. Nígbà tí wọ́n bá gbé ẹ̀sùn ìfalẹ̀ wá bá wa, kí a mú ìwé àti bírò, kí a kọ iye wákàtí tí ó lọ sórí iṣẹ́, àti iye tí ó lọ sórí ìdúró. Nọ́mbà ni kí a gbé lọ sórí tábìlì ìjíròrò, kí a má gbé ariwo lọ.

Èkejì, bí a bá ń bèèrè pé kí wọ́n yọ àgádágodo kan, kí a mọ ohun tí ó ń ṣọ́. Àwọn kan ń ṣọ́ ẹ̀mí wa. Ẹ̀rọ tí ó ń gé irin kò gbọdọ̀ ní ènìyàn méjì lórí bọ́tìnnì rẹ̀. Irú ìyẹn, kí a jà kí ó dúró. Èyí tí kò sí ẹni tí ó lè sọ ìdí rẹ̀ mọ́ ni kí a máa bi wọ́n léèrè.

Ẹ̀kẹta kan àwa fúnra wa. Bí gbogbo lẹ́tà ẹgbẹ́, gbogbo ẹjọ́ ọmọ ẹgbẹ́ àti gbogbo owó ìrànwọ́ bá ń dúró de ẹnì kan ṣoṣo, bí ó ti wù kí ẹni náà jẹ́ ènìyàn rere tó, àgádágodo ńlá ni a fi í ṣe. Kí a pín kọ́kọ́rọ́, kí a sì kọ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn wa lè mọ̀ ọ́n.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí a kó jọ sí ẹnu ilẹ̀kùn títì kò tíì ṣiṣẹ́. Kí a ṣí ilẹ̀kùn kí a tó ka ọwọ́.